Epo Tí Kò Dì Lọ́yẹ́

Ẹni tó bá ti gbé Lọ́kọ́ja rí mọ̀ pé ooru ibẹ̀ kì í ṣe ooru eré. Odò ńlá méjì ló pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, síbẹ̀ ooru á mú èèyàn títí á fi fẹ́ bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Nínú ooru yẹn, gbogbo epo pupa ló ń ṣàn. Ojúlówó ń ṣàn, èyí tí wọ́n ti lú náà ń ṣàn, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Àfi ìgbà ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, tí eruku bo Òkè Patí tí a ò rí i mọ́ láti ìsàlẹ̀, epo inú ìgò á dì gbagidi.

Àwọn elépo ọjà kékeré kan létí àdúgbò Kabawa, níbi tí ìyá mi ti ń tajà, ní àṣà kan fún àárọ̀ ọyẹ́. Kálukú á mú ìgò epo kan, á ṣí ìdérí rẹ̀, á dorí rẹ̀ kodò síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Bí epo bá dúró sínú ìgò tí kò kán sílẹ̀, oníbàárà á mọ̀ pé epo gidi ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìyá mi fẹ́ràn àwọn àárọ̀ yẹn ju Kérésìmesì lọ. Á dorí ìgò tirẹ̀ kodò, á jókòó tì í, á wá máa fi igun ojú wo ìgò àwọn tó kù. Bí mo bá yà níbẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, á ní, "Dókítà igi, wá fọwọ́ kàn án." Èmi á fọwọ́ kàn án, epo á tutù, á le, òun á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Dókítà igi ni orúkọ ẹ̀fẹ̀ tó fún mi. Ọmọ Ìjùmú ni wá. Epo ló fi rán mi níwèé, mo sì kàwé títí mo fi di ẹni tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀pẹ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nínú ìlú. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá bi í pé irú dókítà wo lọmọ rẹ̀, ṣé ó lè wo ẹ̀jẹ̀ ríru, á ní, "Rárá o, igi ló ń tọ́jú. Ẹ má gbé orúnkún yín lọ bá a."

Ohun tí mò ń wá nínú ọ̀pẹ kò le láti sọ. Kí ló dé tí epo ọ̀pẹ fi ń dì, tí òróró ẹ̀pà kì í sì í dì? Nínú èso, ọ̀pẹ máa ń ṣe ọ̀rá bí ẹni ń so ẹ̀wọ̀n, oríkèé lé oríkèé. Jíìnì, ìyẹn àṣẹ kékeré tí igi jogún lọ́dọ̀ akọ àti abo tó bí i, ló ń sọ bí ẹ̀wọ̀n náà ṣe máa rí. Jíìnì kan á ní kó dúró síbí, òmíràn á ní kó gùn sí i díẹ̀, òmíràn á wá tẹ̀ ẹ́ láàárín. Ẹ̀wọ̀n tó tọ́ máa ń tò jọ típẹ́típẹ́, epo á bá dì. Èyí tó tẹ̀ láàárín kì í tò jọ, epo rẹ̀ á máa ṣàn nínú òtútù. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi nìyí, nídìí ààrò: igi ìdáná tó tọ́, ẹ lè dì í mọ́ra kó fún pinpin, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa dì í tí àlàfo ò ní wà níbẹ̀. Ó ní ó yé òun. Ó ní kí ló wá kan èmi nínú igi wíwọ́.

Ó kàn mí nítorí pé epo tó tẹ̀ láàárín yẹn ni àwọn oníṣègùn ń sọ pé ó rọ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn, àwọn èèyàn wa ò sì lè jẹun láìsí epo pupa. Torí náà mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀pẹ tí jíìnì rẹ̀ máa ṣe irú epo bẹ́ẹ̀. Mo wọ inú igbó ọ̀pẹ àtijọ́ ní Ìjùmú, mo wọ ti Búnú. Mo gba ewé, mo gba èso, ejò lé mi, ẹ̀gún ya mí láṣọ. Mo fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ kan abo fúnra mi, mo sì fi àpò bò ó kí kòkòrò má baà bá mi ṣe iṣẹ́ tí mi ò bẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ni mo gbìn sí oko ìwádìí wa lẹ́yìn ìlú. Púpọ̀ nínú wọn jọ ọ̀pẹ gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà létí omi tó jẹ́ pé, nígbà tó kọ́kọ́ so, mo gbé epo rẹ̀ sínú fìríìjì, mo gbé e jáde lọ́jọ́ kejì, mo mì í, ó ń ṣàn bí omi. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ìwádìí, mo sunkún ayọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni tó wọlé bá mi.

Nígbà tí epo ìlà yẹn pọ̀ díẹ̀, mo bu kẹ́ẹ̀gì kékeré kan lọ fún ìyá mi. Mo ní, "Màmá, ẹ fi se ọbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún mi bó ṣe rí lẹ́nu. Inú ilé nìkan o, ẹ jọ̀ọ́." Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó fúyẹ́, ó ní ó dùn. Ó ní, "Inú ilé nìkan, mo ti gbọ́."

Kò gbọ́ nǹkankan.

Nínú ìjọ tí ìyá mi ti dàgbà, èèyàn kì í dá àkọ́so jẹ. Iṣu àkọ́kọ́ ni o, àgbàdo àkọ́kọ́ ni o, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á pín in fún ará àdúgbò, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n ṣàdúrà fún ẹni tó ni ín. Ó wo epo inú kẹ́ẹ̀gì mi, àkọ́so ọmọ rẹ̀ ló rí. Ọ̀nà tó sì máa gbà pín in kò jìnnà, nítorí èènì ìyá mi gbajúmọ̀ lọ́jà yẹn. Bó bá wọn epo fún èèyàn tán, á tún bu díẹ̀ lé e lórí, á ní, "Ti ojú rere nìyẹn." Gbogbo èènì tó bù ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọyẹ́, inú kẹ́ẹ̀gì mi ló ti bù ú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ kí gbogbo oníbàárà òun jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun, kí wọ́n sì súre fún un láìmọ̀. Ooru ń mú nígbà náà, gbogbo epo ń ṣàn, kò sẹ́ni tó fura.

Ọyẹ́ ọdún náà dé lójijì. Mo wà níbi iṣẹ́ láàárọ̀ nígbà tí ìyá mi pè mí lórí fóònù. Kì í pè mí lásìkò iṣẹ́. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, wá sọ́jà," ó sì pa fóònù. Mo gun ọ̀kadà, mo ń sọ fún ọlọ́kadà kó sáré, mo tún ń pariwo mọ́ ọn pé kó má pa mí. Ẹ̀rù ti ń bà mí. Mo rò pé ó ṣubú ni.

Kò ṣubú. Èrò pé lé ìsọ̀ rẹ̀ lórí. Obìnrin Ẹ̀bìrà kan tó ń dín àkàrà létí títì, tó ti ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, ló dúró sáàárín. Ó mú ìgò tó rà lọ́wọ́ ìyá mi wá láti ilé, ó dorí rẹ̀ kodò lójú gbogbo èèyàn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ìgò dúró, ó ti dì. Èyí tó wà lókè rọ́ dà sílẹ̀ pupa fòò sínú eruku. Ó ń wí pé, "Mama, wetin you put? Kí lẹ fi sí i?" Kò bínú, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n ni, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Àwọn oníbàárà mìíràn ti lọ mú ìgò tiwọn wá. Bí wọ́n ṣe ń dorí ọ̀kọ̀ọ̀kan kodò, bákan náà ló ń rí.

Ohun tó wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá ni ìgò tí ìyá mi fúnra rẹ̀ dorí rẹ̀ kodò láàárọ̀ yẹn. Ó wà níwájú ìsọ̀, epo inú rẹ̀ dì, ó dúró digbí, nítorí kò sí èènì nínú rẹ̀. Ẹnì kan nàka sí i, ó ní, "Ẹ wò ó! Èyí tó fi ń hàn wá dáa, èyí tó ń tà fún wa ni ayédèrú!" Lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń po aró pupa mọ́ epo ti gba ẹnu gbogbo ará ìlú, kò sì sí ìyá ọlọ́mọ tí àyà rẹ̀ ò já. Ìyá mi jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó kó ọwọ́ lé itan. Nígbà tó rí mi, ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Èènì ni. Epo tìẹ ni mo fi ṣèènì." Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá ẹgbẹ́ elépo dé. Àgbà obìnrin Ọ̀wọ́rọ̀ kan ni, òun àti ìyá mi ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ọjà nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń pọn ọmọ. Ó tọ́ èyí tó dà sílẹ̀ wò, ó fi pa ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Mi ò jẹ́ kó bi ìyá mi ní nǹkankan. Mo ti bọ́ síwájú.

Mo ní, "Mà, èmi ni mo fún wọn ní epo yẹn. Kò sóhun tó ṣe é."

Ó ní, "Kí lo fi sí i, Dókítà?"

"Mi ò fi nǹkankan sí i. Bí igi ṣe so ó nìyẹn."

"Ọ̀pẹ wo ló ń so epo tí ọyẹ́ ò lè mú dì?"

"Ọ̀pẹ tí mo gbìn ni, mà. Jíìnì inú rẹ̀ ló yàtọ̀. Mo yan akọ, mo yan abo, mo so wọ́n pọ̀ ni."

Mo ti ṣàlàyé iṣẹ́ yìí níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rí, mi ò sì kólòlò. Lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mò ń gbẹ́ kòtò fún ara mi. Mo sọ ti ẹ̀wọ̀n, mo sọ ti igi ìdáná tó wọ́. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Dem don do am for laboratory!" Ẹlòmíràn fi Haúsá sọ pé epo tí kò bá dì kì í ṣe epo. Alákàrà di ikùn rẹ̀ mú, ó ń bi mí bóyá ohun tí òun jẹ lè pa òun. Mo ní kò lè pa á, ó tiẹ̀ dára fún ọkàn ju èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Háà! Ẹ ò rí i pé mo tún fi ìyẹn tàbùkù epo gbogbo ọjà.

Ìyá ẹgbẹ́ gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó ní, "A máa lọ bá àwọn ìjọba, kí wọ́n wá wo oko yẹn. A tún máa wí i lórí rédíò kí àwọn èèyàn gbọ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti ba ọ̀pẹ jẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ kó tó ran tilé wa." Obìnrin yẹn kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ọ̀pẹ ló fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò rẹ̀, ohun tí màá sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí mi ti gbóná. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa gé igi kankan! Ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ!" Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà, lójú ọjà.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi dìde.

Ó ní, "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Òróró ẹ̀pà ni."

Ìyá ẹgbẹ́ yíjú sí i. "Kí lo wí?"

"Mo ní òróró ẹ̀pà ni. Èmi ni mo bù ú lé epo. Ọmọ yìí ò mọ nǹkankan nípa rẹ̀, kò sí oko kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn fẹ́ bo àṣírí mi ni."

Mo la ẹnu láti sọ pé irọ́ ni. Ìyá mi wò mí. Mo mọ ojú yẹn láti kékeré, òun ló máa ń fi sọ fún mi níwájú àlejò pé kí n panu mọ́. Ọmọ tí èmi fúnra mi bí ti tó ẹni tó ń lọ ilé ẹ̀kọ́, síbẹ̀ mo panu mọ́. Òróró nínú epo yé gbogbo wọn. Ìwà burúkú tí wọ́n mọ̀ ni, kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Alákàrà tiẹ̀ mí kanlẹ̀. Mo rí bí ọ̀rọ̀ oko mi ṣe kúrò lẹ́nu wọn lójú mi báyìí, tó sì jẹ́ pé ìyá mi nìkan ni wọ́n ń wò.

Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé ẹni tó bá lu epo á kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́jà. Ìyá mi wà lára àwọn tó ṣe òfin náà. Kò dúró kí wọ́n sọ ọ́. Ó kó àwọn kẹ́ẹ̀gì jọ, ó kó agolo tó fi ń wọn epo, ó nu àrọ tó fi ń rọ epo sínú ìgò, ó fi aṣọ wé e. Kò sẹ́ni tó bá a gbé nǹkan, kò sì sẹ́ni tó pariwo lé e lórí. Ìyá ẹgbẹ́ kọ̀yìn sí wa, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ń fi nu ojú. Ìgò tó dorí kodò ni ìyá mi mú kẹ́yìn. Ó dá a dúró, ó dé e, ó gbé e sí mi lọ́wọ́.

Nínú kẹ̀kẹ́, mi ò lè pa á mọ́ra. A ò tíì kọjá Paparanda tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Màmá, kí ló dé? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi parọ́ mọ́ ara yín? Gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi kọ́ orúkọ yẹn!"

Ó ní, "Wọ́n á gé igi ẹ."

"Wọn ò lè gé e! Ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n wọbẹ̀?"

"Ìwọ ò mọ ohun tí ẹ̀rù ń mú èèyàn ṣe." Ó fa ìborùn rẹ̀ bo imú nítorí eruku. "Èmi ti ta epo tó. Igi tìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so ni."

Mo sunkún títí a fi délé. Oníkẹ̀kẹ́ ń fi dígí wò mí, ó ń kí wa kú ọ̀fọ̀.

Ìyá mi kó wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tí oòrùn kì í bá nílé wá ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá ń múra ìkórè, òun ni wọ́n máa ń sọ pé kó gbé epo wá. Wọn ò sọ fún un mọ́. Wọ́n ṣì ń kí i, "Ọ̀kun o, Màmá," ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kí i tán kíá, wọ́n á bá ọ̀nà wọn lọ. Ó ń dùn mí dọ́kàn. Inú máa ń bí mi sí wọn, inú máa ń bí mi sí òun náà, mo tún máa ń bínú sí ara mi pé mo gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn wálé.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ bá ìyá ẹgbẹ́ nílé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí mo sọ lọ́jà, mo wá sọ òótọ́ fún un. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Mo mọ̀. Ìyá ẹ ò lè lu epo láéláé. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Bí mo bá ní irọ́ ló pa, oko ẹ ni wọ́n máa kọjú sí, nítorí oko ẹ ló sì ṣe parọ́." Ó fà mí dìde. "Jẹ́ kí àwọn igi yẹn so dáadáa. Lọ́dún tó ń bọ̀, gbé epo wọn wá kó tó gbogbo wa, ìgò kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. A jọ máa lọ síbẹ̀ lọ wo igi náà. A jọ máa gbé epo rẹ̀ sínú ọyẹ́, kálukú á fi ojú ara rẹ̀ rí i, a ó sì jẹ ẹ́. Èmi fúnra mi ni màá lọ mú ìyá ẹ padà sí ìsọ̀ rẹ̀."

Nígbà tí mo jíṣẹ́ yẹn fún ìyá mi, ó dìde dúró, ó tún jókòó. Epo díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì tí mo fún un. Ó rọ ọ́ sínú ìgò kan, ó gbé e sójú fèrèsé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sebẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni, "Igi ńkọ́?" Bí ẹni ń béèrè ọmọ-ọmọ ló ṣe ń béèrè wọn. Màá sọ fún un pé wọ́n wà, pé òjò rọ̀ sí wọn, pé ọ̀kan ti yọ òdòdó. Á ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa."

Òjò ọdún yẹn ò tíì dá nígbà tí àwọn ọ̀gá nílé ẹ̀kọ́ wa pinnu láti kọ́ ilé tuntun kan. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ń wá, ilẹ̀ oko wa sì tẹ́jú. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ oko ló pè mí pé katapílà ti wọlé. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ìlà etí omi ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbòǹgbò wọn ń wo ojú ọ̀run. Ẹni tó ń darí iṣẹ́ ní, "Màdáámù, ẹ má bínú. Ọ̀pẹ náà mà ni. Ọ̀pẹ kún inú igbó, wọ́n máa fún yín nílẹ̀ míì kẹ́ ẹ gbin òmíràn." Mo bú u. Mo bú u ní Yorùbá, mo bú u ní Pijin, mo fi ìwọ̀nba Ígálà tí mo gbọ́ parí rẹ̀. Ó dúró, ó ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe òun ló rán ara rẹ̀ níṣẹ́.

Gbin òmíràn! Ọ̀pẹ kì í ṣe ẹ̀gẹ́ téèyàn lè gé igi rẹ̀ gún sílẹ̀ kó hù. Kóró nìkan ló ń bí i, kóró kọ̀ọ̀kan ló sì ń da àṣẹ akọ àti ti abo pọ̀ lákọ̀tun, tí ọmọ kan kì í fi í jọ èkejì. Èso tó wà lórí wọn ò sì tíì gbó. Mo tún sáré lọ sí Búnú, síbi tí mo ti rí abo tó bí wọn. Ẹni tó ni ilẹ̀ ti gé e, ó ti gbin kajú síbẹ̀. Ewé wọn ṣì wà nínú fìrísà mi. Mo lè ka gbogbo jíìnì inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí àṣẹ yẹn ti yàtọ̀. Mi ò lè fún ẹ̀kán epo kan jáde nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wó wọn, mo ti múra bí màá ṣe sọ fún ìyá mi kí n tó délé. Mo bọ́ bàtà tó kún fún ẹrẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó fi etí aṣọ rẹ̀ ń nu ìgò epo yẹn. Ó gbójú sókè, ó ní, "Dókítà igi, káàbọ̀. Igi ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n wà, Màmá."

Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní màá sọ òótọ́ fún un lọ́la. Ọ̀la dé, ó tún béèrè, mo tún ní wọ́n wà. Báyìí, mo ti ń sọ fún un bí èso wọn ṣe ń pọ́n. Ọkọ mi ní kí n sọ òótọ́ kí ó tó gbọ́ ọ níta, ó sì tọ̀nà. Mò ń bẹ̀rù ni, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mò ń bẹ̀rù ojú ìyá mi.

Ọyẹ́ ti ń sún mọ́. Láàárọ̀ òní, afẹ́fẹ́ gbẹ, ètè mi ń là. Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo bá ìyá mi lórí àpótí rẹ̀ pẹ̀lú agbada omi ọṣẹ. Ó ti ní kí àwọn ọmọ mi bá òun ṣa ìgò kiri àdúgbò láìsọ fún mi. Ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń dorí wọn kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí omi inú wọn ro. Ó ń pe ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbé e sílẹ̀: ti ìyá ẹgbẹ́ nìyí, ti alákàrà nìyí, ti ẹni tó jókòó tẹ̀ lé òun lọ́jà nìyí. Ìlà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ọ̀nà ìdáná.

Ó rí mi, ó dá ọwọ́ dúró. Ó wo àwọn ìgò náà lọ, ó wò wọ́n bọ̀.

Ó ní, "Ṣé epo náà máa kárí gbogbo wọn báyìí?"

Mo tẹ̀ ba, mo bá a gbé èyí tó kù sílẹ̀. Mo ní, "Ó máa kárí, Màmá."